Dráífà Tó Ń Yọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Àbámẹ́ta, 3 oṣù karùn-ún 2025

Inú ń bí mi. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìyáàgbà ti sán. Dráífà mi, igi olórí ńlá tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù láti ìgbà tí mo ṣì jẹ́ fọ́mànù nílé iṣẹ́ páànù ní Oregun. Ihò keje ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí kànáà ti dábùú pápá. Mo gbá a, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ̀" bí ìgbà tí èèyàn tẹ àwo mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù sì lọ bọ́ sínú omi. Mo yí orí igi náà wò: ó ti sán láti etí dé àárín.

Reuben rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ Àbámẹ́ta. Òun ni èkejì mi nínú ìdíje àwọn àgbà, lọ́dọọdún. Ó ní, "Bàbá Tẹjú, ẹja inú kànáà yẹn á ti mọ orúkọ ẹ báyìí."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ èyí tí kì í ṣe àwàdà. Ìdíje bọ́ sí Àbámẹ́ta tí oṣù yìí máa parí. Méjì-méjì là ń gbá a. Bí ẹnìkan bá sọ bọ́ọ̀lù sómi, àwọn méjèèjì ló jẹ ìyà ẹ̀. Ó ní bí mi ò bá lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá kànáà kó tó dìgbà náà, òun á mú Ayọ̀tọ́lá. Ayọ̀tọ́lá! Ọ̀gá báńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà tó ẹni tó lè bá wa díje, tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ó ń kùn ún ni. Irun-Dúdú lèmi ń pè é.

Mo ní kí Reuben máa lọ, pé mo ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi.

Bírò yìí náà ń ta gẹ́gẹ́gẹ́ lórí ìwé. Wọn ò ṣe bírò gidi mọ́.

Àìkú, 4

Mi ò gbọ́ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ Ìyáàgbà ni mò ń rò. Mo tún ń rò ó bóyá mo pa sílíńdà gáàsì kí a tó jáde. Mo ti pa á.

Ajé, 5

Láolú, ọmọ mi, pè láti Kánádà. Ìyá rẹ̀ ti ròyìn fún un, Damaris ò lè pa ẹnu mọ́. Ọmọ náà ní, "Dádì, dráífà tí mo fi ránṣẹ́ nígbà Kérésì ńkọ́?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ó ní, "Ẹ kàn dán an wò, sà. Nǹkan ti yí padà." Bí ẹni pé èmi ò mọ̀. Èmi tí mo máa ń fi ìka kan páànù tí mo sì máa ń mọ èyí tó máa ya kó tó ya.

Mo fà á jáde. Dúdú ni, kò dán, orí rẹ̀ tó ìdajì àgbọn. Ó fúyẹ́ débi pé mo rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan kan sílé iṣẹ́ ni. Mo sọ ọ́ ní Àlejò.

Ìṣẹ́gun, 6

Mo gbé Àlejò lọ sí ibi tí a ti ń dánra wò. Bọ́dúndé, kádì mi, àgbà ọkùnrin tó ti ń ru igi mi tipẹ́, to bọ́ọ̀lù síwájú mi.

Òtítọ́ ni kí n kọ. Ó dára. Ìyáàgbà máa ń dún "kàn" bí òòlù lórí irin, ó máa ń dé èjìká èèyàn. Àlejò ń dún "pọ́ọ̀" bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí kúlà. Ìró yẹn ò wù mí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń lọ! Ó ń gòkè, ó ń dúró lókè bí àṣá, ó wá ń sọ̀ nígbà tó bá wù ú. Èyí tí mo gbá kúgẹrẹ pàápàá kò ṣìnà púpọ̀. Bọ́dúndé ní, "Bàbá, èyí á kọjá kànáà, á tún kí àwọn ará òdìkejì kó tó balẹ̀."

Ohun kan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tí mo bá gbé e sókè, mi ò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Ó ń gbọ̀n bí ewé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Mo gbé e ti ògiri ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àdúrà Damaris. Damaris bi mí pé ṣé èyí ni màá lò lọ́jọ́ ìdíje. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ní, "Á fẹ́."

Ìyáàgbà ṣì wà nínú bùútù ọkọ̀. Mi ò tíì lè wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 8

Àlejò dà mí!

Mo ti ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ nígbà tó yí po ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹja àrọ̀. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ lọ lu igi máńgòrò. Mo tún un gbá: bákan náà. Mo nu ọwọ́, mo pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, mo tún gbá. Ìbọ̀wọ́ tuntun náà ń yọ̀. Òórùn kan wà lára igi náà tí mi ò mọ̀ — rọ́bà òyìnbó tí wọ́n fi bo ìdìmú rẹ̀ ni. Wọ́n á ṣe nǹkan tó wu ojú, kò ní dúró lọ́wọ́. Láolú náà á rà á.

Bọ́dúndé ní bóyá òógùn ni. Mo jágbe mọ́ ọn. Òógùn ta? Ìgbà wo ni mo làágùn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù.

Bàbá mi, lọ́dún tó kú, ṣíbí máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ rò ó.

Ẹtì, 9

Ihò bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tuntun yìí ti kéré jù. Mo fi ìbínú bọ́ ọ jù sílẹ̀. Téélọ̀ ìsinsìnyí!

Ajé, 12

Mo lọ sí Agége, sọ́dọ̀ Ùsmán tó ń ta igi gọ́ọ̀fù tòkunbọ̀. Ó ta àwọ̀n sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti ń dán an wò. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Bàbá mi! Ọjọ́ a rí yín là ń rí oòrùn! Irú dráífà wo lẹ fẹ́, èyí tó ń pariwo ni àbí èyí tó ń ṣiṣẹ́?" Mo ní èyí tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ní sọ̀rọ̀ tó ìwọ. Ẹ̀rín pa á.

Àkọ́kọ́: ọ̀pá rẹ̀ le gan-an, ó ń ta mí ní ìgbọ̀nwọ́. Èkejì: orí rẹ̀ ń dún bí agolo mílíìkì tó ṣófo, mi ò lè fi etí mi gbọ́ irú ìyẹn ní gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ẹ̀kẹta — ó dáa. Orí rẹ̀ wúwo díẹ̀. Tí mo bá gbé e sókè, mo mọ ibi tó wà. Ó dún "gbì", ohùn àgbàlagbà. Ó sì dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi, kò yọ̀ rárá. Mo gbá a títí àwọ̀n fi fẹ́ já. Mo sọ ọ́ ní Ará Agége.

Ùsmán ní kí n kọ́kọ́ gbé e lọ dán wò lórí pápá. Mo gbé e wálé, mo fi í ti Àlejò ní kọ̀rọ̀. Damaris ní, "Èwo wá ni, Bàbá Tẹjú?" Mo ní kò tíì dájú, èyí tó bá gbọ́ràn nínú wọn. Ó ní, "Kò burú. Méjèèjì náà ni nígbà yẹn." Mi ò bi í léèrè ohun tó ń sọ. Èèyàn tó bá ń bi Damaris léèrè gbogbo ohun tó ń sọ, kò ní ráyè jẹun.

Ọjọ́rú, 14

Ojú tì mí. Ojú tì mí pátápátá.

Ará Agége fò lọ lọ́wọ́ mi. Kò yí po bí ti Àlejò o, ó fò ni, ó ń yí lófuurufú bí abẹ́ fáànù, ó sì kọjá lókè orí Irun-Dúdú. Irun-Dúdú dojú bolẹ̀ nínú koríko tútù pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó ń ké, "Dádì! Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣì ní ọmọ nílé ìwé o!" Mo ní kó dìde, pé ó ti kọjá.

Reuben ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó rìn wá bá mi, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kì í ṣe ọwọ́ ni?"

Mo ní rọ́bà ni.

"Rọ́bà méjèèjì?"

Mo ní méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 15

Mo lọ jà ní Agége. Mo ju Ará Agége sórí káńtà Ùsmán, mo pè é ní oníjìbìtì lójú gbogbo èèyàn. Mo ní rọ́bà igi rẹ̀ ti kú, ó kàn fi nǹkan dídán tún un ṣe ni. Ó gbé igi náà, ó fi ìka ra á, ó gbé ìka sí imú. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fi pa á? Èyí ń yọ̀ ju àkàrà lọ."

Èmi! Pé èmi ni mo fi nǹkan pa á! Ta ló ń fi òróró pa igi gọ́ọ̀fù láyé? Mo sọ fún un pé bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mi ò tíì ya wèrè. Ó ní, "Mi ò pè yín ní wèrè, Bàbá. Ìbéèrè ni mo bi yín." Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti péjọ, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo bínú. Mo bínú títí mo fi dé ilé ní Àgídìngbì.

Ẹtì, 16

Mo di ìgò omi mú. Kò yọ̀. Mo di ìlẹ̀kùn fíríìjì mú. Kò yọ̀. Kí ló wá dé?

Àbámẹ́ta, 17

Mo fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ irin lẹ orí Ìyáàgbà, mo fi téèpù dì í, mo gbé e jáde láti inú bùútù lọ tààrà sí pápá.

Kò yọ̀! Kódà lẹ́ẹ̀kan, kò yọ̀. Ó dúró lọ́wọ́ mi bí ó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú rẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ sínú kànáà, téèpù sì ti ń tú. Àwọn alámòójútó ìdíje ò ní gbà kí n fi igi tó ti sán wọlé, wọ́n ti sọ fún mi, bí ẹni pé mo bi wọ́n.

Mo ti wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi ti bá Ìyáàgbà gbé jù, kò gba ẹlòmíràn mọ́. Ó dà bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ ogbó. Tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ bàbá mi ló wá bá mi. Ọ̀kan nínú méjèèjì. Mi ò mọ èyí tó dáa.

Ìṣẹ́gun, 20

Tíì dà sórí aṣọ tábìlì. Ife yẹn ló burú, etí rẹ̀ kò gba ìka. Damaris nù ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ní kí a lọ sí ọsibítù, kí wọ́n kàn yẹ̀ mí wò.

Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ó ní ara. Mo ní ara wo? Ó ní, "Bàbá Tẹjú, ẹ má jágbe mọ́ mi, mo kàn ní kí a lọ ni." Mo jágbe. Mo ní tí èèyàn bá ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí Àgídìngbì po láràárọ̀ kó tó jẹun, ọsibítù ò kàn án. Bàbá mi lọ sí ọsibítù, ó sì padà wálé láìlè mú ṣíbí. Mi ò lọ.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi òróró ṣọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní kó má kàn mí.

Àbámẹ́ta, 24

Reuben ti mú Irun-Dúdú.

Kò fi ẹ̀yìn mi ṣe é, ó dúró níwájú mi, ó sọ ọ́. Ó ní òun náà ti darúgbó, òun ò mọ iye ìdíje tó kù fún òun, òun fẹ́ gba ife lẹ́ẹ̀kan kí òun tó ṣíwọ́. Mo ní kó lọ gbà á. Mo ní kó lọ fi dúdú irun Ayọ̀tọ́lá gbà á. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni, wàá ti mú ẹlòmíràn tipẹ́."

Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbá a létí.

Àwa méjèèjì la jọ gbin igi máńgòrò tó wà ní ihò kẹta. Kí n máa kọjá níbẹ̀ báwo?

Ajé, 26

Ìwé yìí ò ní gba ìbínú mi tòní.

Òjò ò jẹ́ kí n lọ rìn láàárọ̀. Mo jáde sí pálọ̀ wá gíláàsì ojú mi. Damaris jókòó ní kọ̀rọ̀ nínú aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ Àlejò sórí itan bí ìkókó. Ìgò òróró tí wòlíì yà sí mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ra rọ́bà ìdìmú láti òkè dé ìsàlẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, ó wá ń fi aṣọ nù ún kó lè dán, kó má ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Mo pariwo. Mo ní, "Ìwọ ni! Ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ayọ̀tọ́lá!"

Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ pa?"

Láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀, láràárọ̀, tí mo bá ti jáde lọ rìn. Ará Agége náà? "Méjèèjì náà ni, mo ṣáà sọ fún yín." Ìyáàgbà ńkọ́? "Èyí tó wà nínú bùútù? Ẹ ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Mo jókòó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún bínú. Òróró! Kì í ṣe ọwọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́ bàbá mi, òróró ólífì ni! Mo bú Ùsmán, mo pàdánù Reuben, mo kó Bọ́dúndé láyà jẹ, nítorí pé obìnrin kan ń fi òróró pa ibi tí èèyàn fi ń di igi mú! Tó bá jẹ́ pé orí igi ló fi sí, ta ni ì bá mọ̀?

Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ rọ́bà náà, mo fi kànrìnkàn họ ọ́. Mo bú Damaris bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn di ìgò rẹ̀ mú, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 27

Mo lọ sí Agége. Níwájú àwọn tó gbọ́ èébú mi náà ni mo ti sọ ọ́: òróró ni, ìyàwó mi ló ń yà á sí mímọ́, kí Ùsmán má bínú sí mi. Ibẹ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Ùsmán ní, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n fi òróró tó kù ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjà ò yá." Ó ti fọ Ará Agége tipẹ́. Ó ní kí n máa gbé e lọ.

Mo wá gbé méjèèjì lọ sí ibi tí a ti ń dánra wò pẹ̀lú rọ́bà tó gbẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi wọ́n wéra wọn bó ṣe yẹ nìyí. Àlejò ń lọ jìnnà jù, ó ń dárí àṣìṣe jini jù, mo gbà fún Láolú. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n. Kí n tó gbá a, ó ti ń gbọ̀n. Ará Agége kì í gbọ̀n. Ìwúwo rẹ̀ ń pa ọwọ́ mi lẹ́nu mọ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò ga tó, àmọ́ ó ń kọjá ibi tí kànáà máa wà, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ará Agége ni mo mú. Ó parí.

Ọjọ́rú, 28

Mo pe Reuben, mo ní kó wá wò mí lọ́la ní ihò keje. Ó ní òun á wá.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mò ń ròyìn fún Damaris, inú mi dùn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí jì í. Mo sọ ìdí tí mi ò fi mú Àlejò: pé ó ń gbọ̀n jù.

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Tẹjú, igi kì í gbọ̀n."

Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní òun ti ń rí i ṣáájú Kérésì. Tíì. Bọ́tìnnì. Kọ́kọ́rọ́ tó ń wá ihò rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti fẹ́ sọ ọ́, mo ti jágbe. "Ẹ ò gbà kí n kan ọwọ́ yín. Mo wá ní kí n máa kan ibi tí ọwọ́ yín máa kàn."

Mo bú u. Mo dìde nídìí oúnjẹ, mo wá síbí.

Mò ń wo bírò yìí bó ṣe ń rìn. Bírò kọ́.

Ọjọ́bọ̀, 29

Reuben dúró, mo gbá a, gbogbo rẹ̀ kọjá. Ó pe Ayọ̀tọ́lá lórí fóònù níwájú mi, ó ní èmi náà lòun á bá gbá a. Ayọ̀tọ́lá ní ẹ̀rù ti ń ba òun tẹ́lẹ̀, òun dúpẹ́.

Mo rò pé inú mi máa dùn jù báyìí lọ.

Àbámẹ́ta, 31

Láàárọ̀, Damaris dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá pẹ̀lú ìgò rẹ̀, kò súnmọ́ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó fi òróró sí i, ó gbàdúrà kúkúrú — fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ — ó sì mú táwẹ́ẹ̀lì, ó nù wọ́n fúnra rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi gbẹ.

Ihò keje: "gbì". Bọ́ọ̀lù kọjá kànáà, ó balẹ̀ sí àárín pápá. Bọ́dúndé jó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú tíì tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, igi kékeré lásán, ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń bọ́. Reuben rí i. Ó yíjú sí ojú ọ̀run, ó ní ó dà bí ẹni pé òjò máa rọ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbá tirẹ̀. Inú omi.

Mo ní, "Ẹja yẹn á ti mọ orúkọ ìwọ náà báyìí." Ó bú mi, ó bú ìran mi, ó bú kànáà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. A ò gba ife.

Mo délé, mo sọ fún Damaris pé a máa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Mo kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ìgò òróró yẹn dání o, mi ò fẹ́ ìtìjú níwájú dókítà.

Ó ti wà nínú báàgì rẹ̀. Mo rí i. Mi ò yọ ọ́.